Òkété tó wọ bàlúù lọ sí Texas: àkọsílẹ̀ àrùn mpox tó jà ní Amẹ́ríkà ní 2003

Nílé wa, òkété kì í ṣe ẹran tí èèyàn ń sọ lórúkọ. Ẹni tó bá rí i lẹ́bàá ọ̀nà, tí ọlọ́dẹ ti fi igi nà án, tí èéfín ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, ìkòkò ọbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Babaláwo mọ̀ ọ́n sí ohun ìrúbọ. Àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n sí olè tó ń kó ohun olóhun sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sá wọ ihò. Ẹnu wá yà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á pé àwọn kan ní Amẹ́ríkà ń fowó gidi ra òkété, wọ́n ń gbé e sórí itan wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń pè é ní eku alápò ńlá ti Gáḿbíà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fi ń jalè yẹn ni wọ́n ń pè ní àpò.

Ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 2003 ni ẹrù kan gbéra láti orílẹ̀-èdè Gánà dé ìpínlẹ̀ Texas. Nǹkan bí 800 ẹranko kéékèèké ló wà nínú rẹ̀. Nínú wọn, 762 jẹ́ ìdílé eku àti ọ̀kẹ́rẹ́: òkété wà níbẹ̀, oríṣi ọ̀kẹ́rẹ́ méjì, òòrẹ̀ tí ṣóńṣó ìrù rẹ̀ dà bí ìgbálẹ̀, eku abilà, àti eku kékeré kan tí irun bo ìrù rẹ̀, tó ń sùn lọ́sàn-án tó ń rìn lóru. Dormouse ni òyìnbó ń pe ti ìkẹyìn yìí, orúkọ náà ni n ó sì máa fi pè é.

Inú igbó ni wọ́n ti mú gbogbo wọn. Ẹran tí wọ́n bí sílé tí wọ́n sì tọ́ lójú olówó rẹ̀, èèyàn lè mọ ìtàn rẹ̀. Ti inú igbó, ohun tó jẹ lánàá àti ẹni tí wọ́n jọ sùn nínú ihò, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ sé wọn mọ́ ibì kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti wò ó bóyá ara wọn le. Oníṣòwò tà á fún oníṣòwò, alágbàtà gbà á lọ́wọ́ alágbàtà, òkété àti dormouse kan sì ti bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta ẹran ní ìpínlẹ̀ Illinois.

Ọkùnrin oníṣòwò yìí ní ẹran mìíràn nílẹ̀, nǹkan bí 200. Prairie dog ni orúkọ wọn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ajá ọ̀dàn, torí ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí nìyẹn, àmọ́ kò bá ajá tan níbì kankan. Ìbátan ìkún ni. Bí ìkún wa ṣe ń gbẹ́ ihò sínú oko ẹ̀pà, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń gbẹ́ tirẹ̀ sí pápá gbalasa àárín Amẹ́ríkà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn á sì máa gbé pọ̀ bí ará àdúgbò kan. Igbe rẹ̀ tó jọ gbígbó ajá ló sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tó ń mú wọn tà a máa gbé ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ afami lọ sẹ́nu ihò, wọ́n á fi fà wọ́n jáde bí ẹni ń fa eruku lórí kápẹ́ẹ̀tì. Orílẹ̀-èdè Japan ti fòfin de kíkó wọn wọlé láti oṣù kẹta ọdún yẹn, torí wọ́n lè gbé plague àti tularemia, àrùn burúkú méjì tó máa ń ti ara ẹranko ran èèyàn. Ìyẹn ni pé nígbà tí ẹrù Gánà fi gúnlẹ̀, ẹnì kan ti pariwo pé ajá ọ̀dàn kì í ṣe ẹran tí à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ṣùgbọ́n àrùn tí wọ́n torí rẹ̀ pariwo kọ́ ló dé.

Fáírọ́ọ̀sì mpox ló dé. Monkeypox ni gbogbo ayé ń pè é nígbà náà. Ọdún 2022 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, yí orúkọ rẹ̀ padà. Orúkọ àkọ́kọ́ yẹn pa irọ́ mọ́ ọ̀bọ. Láàbù kan ní Copenhagen, ní ilẹ̀ Denmark, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1958 lára àwọn ọ̀bọ tí wọ́n kó lọ fún ìwádìí, ló bá di pé ọ̀bọ ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ kíkó ni ọ̀bọ náà ń kó o bíi tèèyàn. Ara àwọn eku àti ọ̀kẹ́rẹ́ inú igbó ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn onímọ̀ fura sí jù pé ilé rẹ̀ wà. Mọ̀lẹ́bí ṣànpọ́nná ni. (Àwọn àgbà kì í dárúkọ rẹ̀ ní gbangba báyìí, olóde ni wọ́n ń wí. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí.) Ọdún 1970 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára èèyàn, ọmọ ọwọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Congo. Ní 1971 Nàìjíríà rí tirẹ̀. Títí di 2003, kò tíì sí èèyàn kankan tí wọ́n mọ̀ pé ó kó o níta ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìdílé kan ní àárín ìpínlẹ̀ Wisconsin ra ajá ọ̀dàn ní ọjà tí àwọn èèyàn ti ń ta ẹran, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ẹran náà gé ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún 3, jẹ ní ìka. Ibà gbé ọmọ dè. Ojú ibi tí ẹran ti gé e jẹ wú, ìléròrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i lára. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ náà kó o.

Ṣùgbọ́n ẹran yẹn gan-an ni kí a wò. Òun náà ń ṣàìsàn. Kókó wú sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi kú. Kí wọ́n tó sọ òkú rẹ̀ nù, wọ́n mú díẹ̀ nínú kókó náà pa mọ́ fún àyẹ̀wò. Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé bí ẹni tó ń tọ́jú ẹran náà bá sọ pé "eku lásán ni, ó ti kú, ó parí", tí wọ́n wa ilẹ̀ sin ín, ọjọ́ mélòó ni ì bá tún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó so ìléròrò ara ọmọ mọ́ ẹran inú kéèjì? Èmi rò pé ọjọ́ púpọ̀ ni.

Plague àti tularemia ni gbogbo wọn kọ́kọ́ fura sí, torí ohun tí ìwé sọ pé ajá ọ̀dàn máa ń gbé nìyẹn. Wọ́n wá gbé ohun tí wọ́n mú lára ọmọ àti ohun tí wọ́n mú nínú kókó ẹran sábẹ́ maikirosíkóòpù alágbára, irú èyí tó lè fi fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ han ojú, ní ilé ìwòsàn Marshfield Clinic ní Wisconsin. Ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì: fáírọ́ọ̀sì ìdílé ṣànpọ́nná.

Ẹ rántí ọdún tí à ń sọ. Kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n fi bàlúù wó ilé gogoro ní New York, tí ẹnì kan sì ń fi lẹ́tà pín ìyẹ̀fun anthrax, àrùn tó ń pani, kiri. Oṣù kìíní 2003 gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera rẹ̀ lábẹ́rẹ́ àjẹsára ṣànpọ́nná, nítorí ìbẹ̀rù pé ọ̀tá lè fi í jagun. Kí láàbù ìlú kékeré wá sọ pé òun rí ọmọ-ìyá ṣànpọ́nná lára ọmọ ọdún 3! Ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ni ọ̀rọ̀ náà dé etí CDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dènà àrùn, ní Atlanta. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti kéde fún gbogbo ayé pé mpox ni, kì í ṣe ṣànpọ́nná, kì í sì í ṣe ọwọ́ ọ̀tá.

Ilé ìwòsàn ẹranko ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wọ̀ báyìí.

Àwọn tó ra ajá ọ̀dàn fẹ́ràn ẹran wọn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí ojú rẹ̀ ń ṣomi, tí imú rẹ̀ ń dà, tí kò jẹun mọ́, wọ́n gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Kò sí ẹni tó ń ronú mpox níbẹ̀. Ta ni ì bá ronú ẹ̀? Ẹran kékeré tó wúkọ́ ni, wọ́n mú un mọ́ra, wọ́n la ẹnu rẹ̀ wò, wọ́n fọwọ́ bọ́ ọ lóúnjẹ, wọ́n nu ojú rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ wà, ìbòmú wà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lò wọ́n. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà wá ka àwọn tó kó àrùn náà ní Wisconsin nìkan, èèyàn 27 ni wọ́n rí, láti orí àwọn tí àyẹ̀wò fìdí tiwọn múlẹ̀ dé orí àwọn tí wọ́n kàn fura sí. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ẹranko jẹ́ 12. Òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹran jẹ́ 2, alágbàtà ẹran jẹ́ 2. Ìyẹn ni pé ẹnu iṣẹ́ ni 16 nínú wọn ti kó o.

Wọ́n tún wá wádìí ohun tó ya ẹni tó kó o sọ́tọ̀ lára ẹni tí kò kó o nínú ilé ìwòsàn kan náà. Fífún ajá ọ̀dàn tó ń ṣàìsàn lóúnjẹ wà lára rẹ̀. Wíwà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò wà lára rẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé títọ́jú ẹran mìíràn, ajá tàbí ológbò tí ara rẹ̀ le, ní ibi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí kéèjì ajá ọ̀dàn náà, òun náà so mọ́ ọn. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ajá ọ̀dàn tó ń ṣàìsàn rí ló bọ́ jù.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ hàn nígbà tí wọ́n la òkú ajá ọ̀dàn wò. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ ti wú, egbò wà lórí ahọ́n rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kún inú ẹ̀dọ̀fóró àti ahọ́n náà. Tó bá wúkọ́, ó ń tú u sáfẹ́fẹ́. Tó bá géni jẹ, ó ń fi eyín gún un wọ inú ara. Èyí tó bá sì gún wọlé yìí burú ju èyí tí èèyàn fọwọ́ kàn lọ: àwọn tí ẹran gé jẹ tàbí tó họ lára ń bẹ̀rẹ̀ àìsàn ní nǹkan bí ọjọ́ 9, àwọn tó kàn fara kàn án ń tó ọjọ́ 13. Àwọn tí wọ́n gé jẹ yìí náà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn.

Lápapọ̀, èèyàn 47 ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n kà: Wisconsin, Illinois, Indiana, Missouri, Kansas àti Ohio. Ọmọdé méjì ni ọ̀rọ̀ tiwọn le gan-an, àrùn náà kan ọpọlọ ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kú. Orí yọ wọ́n lọ́nà kan: irú fáírọ́ọ̀sì tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló wọlé, kì í ṣe irú ti Congo tó ń pani ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn 30 ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́ àjẹsára ṣànpọ́nná, torí ó lè dènà mpox náà. Kò sì sí ẹnì kan tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé ara èèyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti kó o.

Gbogbo àwọn 47 yìí, ajá ọ̀dàn ni wọ́n fara kàn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó o tààrà lára òkété.

Mo mọ̀ pé ó máa ń rọrùn láti di ẹ̀bi ru òkété. Orúkọ rere kan kò sí fún un nínú òwe wa: bó bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ó bá Ifá mulẹ̀, ó da Ifá. Bẹ́ẹ̀ òkété kan tí ń jẹ́ Magawa gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní 2020 fún iṣẹ́ tó ṣe ní Cambodia, níbi tó ti ń fi imú wá bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ kiri. Nínú ẹrù Gánà, nígbà tí CDC ṣàyẹ̀wò, fáírọ́ọ̀sì náà wà lára òkété kan, dormouse mẹ́ta àti ọ̀kẹ́rẹ́ méjì. Díẹ̀ nínú àwọn ẹran yìí, ọjọ́ tí ẹrù gúnlẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yà wọ́n kúrò lára ìyókù, tó fi hàn pé àrùn náà ti wà lára ju ẹyọ ẹran kan lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kó ti tàn láàárín wọn kíákíá. Èmi ò bá òkété wí. Ẹni tó kó ẹran tó ti inú igbó Gánà wá àti ẹran tó ti inú pápá Amẹ́ríkà wá sábẹ́ òrùlé kan náà, tí baba ńlá wọn ò pàdé rí, òun ni mo bá wí. Ajá ọ̀dàn ò mọ fáírọ́ọ̀sì yìí rí, ara rẹ̀ ò ní ohun tí yóò fi bá a jà, ó sì di ìkòkò tí wọ́n ti sè é kó tó kan èèyàn.

Ohun kejì tí mo bá wọn wí ni ìwé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tọpasẹ̀ àwọn 762 eku àti ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n rí ibi tí 584 wọlé sí, ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Àwọn 178 yòókù, wọn ò rí i. Láti Texas ni ipa wọn ti parẹ́, torí kò sí àkọsílẹ̀ ẹni tí wọ́n tà á fún. Ẹni tó ń ta gààrí nínú ọjà Bódìjà, tó ń kọ gbèsè sára ògiri, ì bá lè sọ ibi tí kóńgò rẹ̀ wọlé sí ju báyìí lọ.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹfà, CDC àti FDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, pa àṣẹ pọ̀. Kò gbọdọ̀ sí ẹran ìdílé eku kankan láti Áfíríkà tó tún wọ Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta ajá ọ̀dàn tàbí oríṣi mẹ́fà tó wà nínú ẹrù náà, tàbí kó gbé e kọjá ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, tàbí kó tú u sílẹ̀ sínú igbó. Títú sílẹ̀ yìí ló ń dẹ́rù bà wọ́n jù. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, tí kò sì fẹ́ pa ẹran tó fẹ́ràn, ohun tí yóò kọ́kọ́ rò ni kó gbé e dé etí igbó, kó ṣílẹ̀kùn kéèjì, kó yíjú sẹ́yìn. Bí fáírọ́ọ̀sì náà bá ti bẹ́ẹ̀ dé ara àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ àti ajá ọ̀dàn inú igbó Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tí ì bá tún lè lé e jáde mọ́. Àwọn tó wà ní Florida mọ ohun tí mo ń wí. Òkété tó bọ́ mọ́ ẹni tó ń sìn ín lọ́wọ́ ní erékùṣù Grassy Key, ní ìparí àwọn ọdún 1990, bí sí i, wọ́n rẹ̀ sí i, ó sì di wàhálà ọlọ́dún gbọọrọ fún ìjọba. Nítorí náà, wọ́n ní kí wọ́n pa àwọn ẹran inú ẹrù Gánà àti àwọn ajá ọ̀dàn tó ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò Illinois wá. Ìyẹn ni pé ìdílé tó ra irú ẹran bẹ́ẹ̀ lè ní láti fi ọwọ́ ara wọn gbé e, ẹran tí ọmọ wọn ti sọ lórúkọ, lọ bá dókítà pé kó fún un lábẹ́rẹ́ ikú.

Ẹni tí àrùn náà mú kẹ́yìn, ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ló bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2008, FDA gbé ọwọ́ kúrò lórí ajá ọ̀dàn, èèyàn sì tún lè máa tà á. Òfin ti òkété àti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Áfíríkà kò kúrò. Àfi ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ fún ìwádìí tàbí fún ọgbà ẹranko.

Lẹ́yìn tí ariwo rọlẹ̀, àwọn olùwádìí gba Gánà lọ, wọ́n dé ibi méjì tí àwọn ọdẹ ti ń dẹ pàkúté mú ẹran fún títà. Wọ́n mú ẹran 204, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Àmì pé ara ti bá irú fáírọ́ọ̀sì yìí jà rí wà lára òkété, dormouse àti oríṣi ọ̀kẹ́rẹ́ méjèèjì. Ìpasẹ̀ fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wà nínú ẹran ara òkété, dormouse àti ìkún. Bẹ́ẹ̀ ni, ìkún, tí ajá ọ̀dàn jẹ́ ìbátan rẹ̀.

Wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn 172 tó ń gbé nítòsí ibẹ̀. Ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní àmì náà lára, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló kó o. Abẹ́rẹ́ ṣànpọ́nná àtijọ́ máa ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lára àwọn àgbà, nítorí náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti ara ẹran wá. Títí di ìgbà náà, Gánà kò tíì ròyìn ẹyọ aláìsàn mpox kan. Ọdún 2022 ló tó ròyìn ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn ọdún 19 tí òkété rẹ̀ ti gbé e dé Texas.